Ìbéèrè Mẹ́ta Lórí Jẹjẹrẹ Ilé Ẹyin

ÌLERA LOÒGÙN ỌRỌ̀

 

Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn wa ti jáde kẹ́yìn, ìbéèrè mẹ́ta ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá lórí àrùn kan náà: jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Arákùnrin kan ní wọ́n ti rí i lára àbúrò ìyá òun ní ilé. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, ṣùgbọ́n ìdajì ẹbí ní bí ọ̀bẹ bá ti lè kan jẹjẹrẹ, ṣe ni yóò tàn ká gbogbo ara. Wọ́n wá ní kí òun tí òun wà ní ìlú òyìnbó dá ẹjọ́ náà. Arábìnrin kan béèrè bóyá àyẹ̀wò kan wà tí òun lè máa ṣe lọ́dọọdún kí àrùn náà má baà ká òun mọ́ lójijì. Ẹnì kẹta, tí kò fẹ́ kí a mọ òun, sọ pé àrùn yìí ló pa ìyá òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó ń béèrè bóyá ó lè kan òun náà.

Ẹ̀kọ́ nípa oògùn ni mò ń kọ́, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo bá kọ síhìn-ín kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ìtọ́jú ń gbà ni yóò mọ ohun tó yẹ kó bi dókítà léèrè.

Ibi tí àrùn náà ń sá pamọ́ sí

Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan ní apá òsì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju orógbó kan lọ, wọ́n sì tún máa ń kéré sí i lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Ìsàlẹ̀ ikùn pátápátá ni wọ́n wà, níbi tí ọwọ́ kò lè tètè kàn. Àyè pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ń wú lè wú títí kó tó dun ènìyàn.

Oríṣiríṣi ni jẹjẹrẹ yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ ti rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe inú ilé ẹyin gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ní etí ọ̀pá tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Láti ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń já bọ́ sínú omi tó wà nínú ikùn, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ìfun, mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀, mọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ inú ikùn, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá fọ́n irúgbìn káàkiri oko. Àwọn àgbà obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló sábà máa ń mú. Oríṣi kan tún wà tó ń mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹyin. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, oògùn sì ń wo púpọ̀ nínú wọn sàn pátápátá. Nítorí náà kí ọ̀dọ́ má sọ pé ti àgbàlagbà ni.

Àmì mẹ́rin ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ìkíní ni ikùn tó wú tí kò sì fà mọ́. Ìkejì ni kí oúnjẹ díẹ̀ máa tètè yó ènìyàn, tàbí kí oúnjẹ má wù ú jẹ. Ìkẹta ni ìrora ní ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ní ìbàdí. Ìkẹrin ni kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Kò sí obìnrin tí ọ̀kan nínú wọn kò ṣe rí. Ohun tó ń kọni lóminú ni kó jẹ́ tuntun, kó má sì lọ. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde níhìn-ín ní 2011 sọ pé bí wọ́n bá ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 12 lọ láàárín oṣù kan, pàápàá lára obìnrin tó ti pé 50 ọdún, kí dókítà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní CA125.

Ní ilé ńkọ́? Bí ikùn ìyá bá ń wú, a ó ní ìyá ń sanra, ara ti gba ìsinmi. Bí kò bá lè jẹun, a ó ní ọgbẹ́ inú ni. Bí ó bá ń tọ̀ ṣáá, a ó ní àtọ̀gbẹ ni. A ó ra oògùn ìyàgbẹ́ fún un, a ó po àgbo fún un, oṣù mẹ́fà yóò sì ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fi mọ sórí “Ṣé dáadáa ni?” Ẹ béèrè bóyá ìró rẹ̀ ṣì yí i ká bó ti ń yí i ká tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí ó ṣe ń jẹun.

Àyẹ̀wò ọdọọdún

Ìbéèrè arábìnrin wa ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Fún obìnrin tí kò ní àmì kankan, tí àrùn náà kò sì sí nínú ìdílé rẹ̀, kò tíì sí àyẹ̀wò ọdọọdún tí a lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Wọn kò ṣàì dán an wò. Láàárín 2001 sí 2005, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 200,000 jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Northern Ireland fún ìwádìí kan tí Yunifásítì College London ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wò lọ́dọọdún, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo inú àwọn mìíràn, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan fún wọn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2021, iye tí àrùn náà pa nínú àwọn tí a ń yẹ̀ wò kò dín sí ti àwọn tí a kò yẹ̀ wò.

Ìdí ni pé CA125 kì í sọ òtítọ́ nígbà gbogbo. Ó lè ga nítorí nǹkan oṣù, oyún, fáíbírọ́ọ̀dù, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn. Lọ́wọ́ kejì, nínú àwọn tí jẹjẹrẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn, bí ìdajì wọn ni kò ní ga lára wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè tìtorí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ lásán, ẹni tó ní àrùn sì lè fọkàn balẹ̀ lásán. Iṣẹ́ àyẹ̀wò náà ni láti tọ́ka ọ̀nà fún dókítà nígbà tí àmì bá ti wà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣì gbọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe àwọn obìnrin ibí láti nǹkan bí ọmọ ọdún 25 wá fún àyẹ̀wò, ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n fi ń wò. Ẹ lọ ṣe é, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kì í rí ilé ẹyin rárá.

Ọ̀bẹ àti jẹjẹrẹ

Ó wá ku ẹjọ́ tí ẹbí gbé lé arákùnrin wa lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá 1809, ní ìlú Danville ní Kentucky, Amẹ́ríkà, dókítà Ephraim McDowell la ikùn obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Todd Crawford, ó sì yọ kókó tó ti ara ilé ẹyin rẹ̀ wú, tó wọ̀n ju kìló 10 lọ. Kò sí oògùn oorun nígbà náà. Orí ẹṣin ni obìnrin yìí gùn fún nǹkan bí máìlì 60 kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà náà. Ó jọ pé kókó tirẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, nítorí ó tún lo ọdún 32 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé a lè la ikùn ènìyàn nítorí ilé ẹyin kí ó sì yè é.

Ní ti jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ni òpómúléró ìtọ́jú náà. Ìpele mẹ́rin ni àwọn dókítà pín àrùn náà sí. Ní ìpele kìn-ín-ní, ó ṣì wà nínú ilé ẹyin tàbí ọ̀pá rẹ̀. Ní ìpele kejì, ó ti dé ohun tó wà láyìíká wọn ní ìsàlẹ̀ ikùn. Ní ìpele kẹta, ó ti tàn sókè nínú ikùn tàbí sínú àwọn kókó omi ara. Ní ìpele kẹrin, ó ti jáde kúrò nínú ikùn, bíi kó wọ inú ẹ̀dọ̀ tàbí kó dé àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà a yọ ilé ẹyin méjèèjì, ọ̀pá wọn, ilé ọmọ, àti ọ̀rá tó bo ìfun bí aṣọ, a sì wá gbogbo ibi tí ojú lè rí. Ní 1975 ni dókítà Griffiths ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ohun tó ṣẹ́kù sínú ikùn bá ṣe kéré tó ni aláìsàn ṣe ń pẹ́ láyé tó. Góńgó wọn lónìí ni kí ohunkóhun tí ojú rí má ṣẹ́kù. Bí ọ̀dọ́bìnrin bá ní in ní ìpele kìn-ín-ní, ní apá kan ṣoṣo, wọ́n lè dá apá kejì àti ilé ọmọ sí kó lè bímọ.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ “ọ̀bẹ ló ń tàn án” ti wá? Ọ̀nà méjì ni. Èkíní, ìpele kẹta ni a sábà máa ń rí àrùn náà. A la ikùn, a bá a pé ó ti tàn. Aláìsàn kú lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, a sì di ẹ̀bi ru ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kọ́ ló tàn án; ọ̀bẹ ló jẹ́ kí a rí i. Èkejì, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kókó bá ṣì wà ní odidi nínú èèpo rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ bẹ́ ẹ mọ́ inú ikùn, tàbí tí a gún un ní abẹ́rẹ́ láti ìta, sẹ́ẹ̀lì lè dà jáde, ìpele àrùn náà yóò sì yí padà. Nítorí èyí ni iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fi yẹ kó jẹ́ ti ọ̀gá nínú jẹjẹrẹ obìnrin. Ìlànà 2011 tí mo dárúkọ yẹn ń sọ àbájáde ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, àti CA125 di ìsọdipúpọ̀. Bí ó bá tó 250, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá náà ló ní kí wọ́n darí aláìsàn sí.

Nítorí náà, arákùnrin mi, ẹjọ́ tó wà níwájú ẹbí yín kì í ṣe “kí á gé e tàbí kí á má gé e.” Ta ni yóò gé e, àti ìgbà wo ni, ni ẹjọ́. Bí omi bá ti kún inú ikùn, tí aláìsàn sì ti rù, ọ̀gá náà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oògùn ní ìgbà mẹ́ta kí àrùn súnkì, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì parí oògùn náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí ńlá méjì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 àti 2015, fi hàn pé fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yìí kò dín ẹ̀mí wọn kù, ewu iṣẹ́ abẹ sì ń dín kù. Bí dókítà bá ní kí á dúró díẹ̀, kì í ṣe pé ó ti sọ ìrètí nù.

Sọ fún àwọn tó wà ní ilé kí wọ́n bi dókítà ní ìbéèrè wọ̀nyí: Ìpele wo ni ẹ rò pé ó wà? Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣé ọ̀gá nínú jẹjẹrẹ obìnrin ni? Oògùn ni yóò ṣíwájú ni tàbí iṣẹ́ abẹ, kí sì nìdí? Níbo ni wọn yóò ti yẹ ẹran tí wọ́n bá gé wò? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ikùn máa ń fara wé jẹjẹrẹ yìí. Lékè gbogbo rẹ̀, èló ni oògùn tí yóò tẹ̀ lé e? Kí owó má tán sórí iṣẹ́ abẹ kí ó wá di pé kò sí ti oògùn.

Oògùn

Àwọn oògùn tí ẹ̀ ń gbọ́ pé wọ́n ń jẹ́ kímò, méjì ni òléwájú wọn. Ní 1965, Barnett Rosenberg ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan ń wo ohun tí iná mànàmáná ń ṣe sí kòkòrò àrùn, ó sì rí i pé wọn kò pín mọ́. Irin ṣíṣeyebíye kan, platinum, tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ló fà á. Láti ibẹ̀ ni cisplatin ti wá, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978. Àbúrò rẹ̀, carboplatin, tí àwọn ará London ṣe iṣẹ́ lé lórí, kì í ni kíndìnrín lára tó bẹ́ẹ̀. Èkejì, paclitaxel, èèpo igi kan ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin ní 1992. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fa méjèèjì sínú iṣan aláìsàn, ní ìgbà mẹ́fà.

Èyí tó jẹ́ èèpo igi yìí, àwọn kan yóò ní “Ṣé ẹ rí i, àgbo náà ni!” Èèpo igi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ iye tó ń wo ni àti iye tó ń pa ni. Carboplatin gan-an, bí kíndìnrín aláìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni wọ́n fi ń ṣírò ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ń bu àgbo mu lẹ́yìn dókítà, tí àgbo náà sì ba kíndìnrín jẹ́, ìṣirò dókítà ti dàrú nìyẹn. Ohunkóhun tí ìyá bá ń mu, kí ó sọ ọ́.

Irun lè re, ìka lè máa kú tipiri, èébì lè máa gbé e. Gbogbo ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Èyí tó léwu jù ni ibà. Kímò máa ń dín ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà bí ara aláìsàn bá gbóná tó 38, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. A mọ bí a ti ń ṣe ní ilé: ara gbóná, a ra oògùn ibà ẹ̀fọn lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Lára ẹni tó ń gba kímò, ìdúró ọjọ́ kan lè pa á.

N kò ní tàn yín. Nínú àwọn tí wọ́n bá rí àrùn náà lára wọn ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, púpọ̀ ni oògùn ń ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ó tún máa ń padà wá. A tún lè fún wọn ní oògùn, wọ́n sì lè lo ọdún púpọ̀ sí i. Bí agbára oògùn bá sì pin, ìtọ́jú ìrora kò pin. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún ìyẹn.

Ṣé àrùn ìdílé ni?

Ìwọ tí o kò fẹ́ kí a mọ̀ ọ́, ìbéèrè rẹ tọ́. Gbogbo wa la ní jíìnì méjì tí ń jẹ́ BRCA1 àti BRCA2, tí wọ́n rí ní 1994 àti 1995. Iṣẹ́ wọn ni láti tún sẹ́ẹ̀lì tó bá bàjẹ́ ṣe. Nínú àwọn ìdílé kan, ọ̀kan nínú wọn kò pé. Nínú obìnrin 100 lásán, bí 1 tàbí 2 ló ń ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin láyé rẹ̀. Bí BRCA1 bá bàjẹ́, bí 44 nínú 100 ni yóò ti ní in kí wọ́n tó pé 80 ọdún. Bí ó bá jẹ́ BRCA2, bí 17. Bàbá náà lè gbé e fún ọmọ, nítorí náà ẹ má gbàgbé ìdílé bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé gboyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1980, tó sì wà ní Yunifásítì Chicago, bá àwọn dókítà ilé wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọmú tó lé ní 1,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó ju 1 nínú 10 lọ tí wọ́n bá àbùkù BRCA1 tàbí BRCA2 lára wọn.

Lọ sọ ìtàn ìdílé rẹ fún dókítà rẹ níhìn-ín, kí ó kọ̀wé rán ọ sí àwọn onímọ̀ jíìnì. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ, ayé rẹ kò tíì bàjẹ́. Wọ́n lè gbà ọ́ níyànjú pé nígbà tí o bá ti bímọ tán, kí wọ́n yọ ilé ẹyin àti ọ̀pá rẹ̀, nǹkan bí ọdún 35 sí 40 fún BRCA1, tí ti BRCA2 sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Oògùn kan tún wà, olaparib, tí wọ́n ń gbé mì, fún àwọn tí àrùn náà ti mú. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì bí ilé tó ní bíríkìlà méjì tí ń tún un ṣe. BRCA tó bàjẹ́ ti sọ ọ̀kan di aláìsí. Olaparib á so èkejì lọ́wọ́, ilé jẹjẹrẹ náà á sì wó. Nínú ìwádìí SOLO1, lára àwọn obìnrin tí BRCA wọn bàjẹ́, tí kímò sì ti ṣiṣẹ́ fún, 67 nínú 100 àwọn tó lò ó ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 7. Nínú àwọn tí kò lò ó, wọn kò pé 47.

O kọ ọ́ pé wọ́n ní kí o má jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ gbọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, àwọn ìdílé náà sì máa ń bo ohun tó pa òkú wọn mọ́lẹ̀. “Àìsàn ránpẹ́” ni a ń kọ sínú ìwé ìsìnkú. Ìyá kú nípa àìsàn ránpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú nípa àìsàn ránpẹ́, ọmọ kò sì mọ ohun tí yóò sọ fún dókítà. Jíìnì kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀sẹ̀. Ìgbà wo láti sọ fún un wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n sọ fún àwọn àbúrò rẹ lóbìnrin kíákíá.

Ọ̀rọ̀ owó

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti san owó ìlera mọ́ owó físà, tó jẹ́ £776 lọ́dún láti 2024, ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìyá tó wá kí wa tàbí tó wá bá wa wẹ ọmọ kò ní in. Ó lè rí dókítà àdúgbò láìsan owó, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ilé ìwòsàn ńlá, ìdá 150 nínú 100 iye owó ìtọ́jú ni wọn yóò bù fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ dá ìtọ́jú pàjáwìrì dúró nítorí owó. Ní ilé, UCH wà ní Ìbàdàn, ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH ní 2019 sì wà ní Èkó. Àpò ìdílé ni owó rẹ̀ sábà ń ti jáde. Bí a bá fẹ́ dáwó fún ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á dá ti kímò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ mọ́ ti iṣẹ́ abẹ.

Ojú ewé mi ti kún. Ẹni tó bá tún ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run yóò dá àwọn ìyá wa sí fún wa. Ire o.